Ìdá Méjì Nínú Mẹ́wàá

Ọkùnrin kan wà ní Tokoin, àdúgbò kan ní Lomé, olú ìlú Togo, ní òpópónà tó gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ńlá kọjá, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Mùsíọ̀ Ìbítóyè. Lomé náà ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba. Bàbá náà ń ta abọ́ tánńganran lọ́jà ńlá, ó kọ́lé, ó bímọ méje, wọ́n sì sin ín sí ìlú tó sọ di ilé. Mẹ́fà nínú àwọn ọmọ náà ló ń ṣòwò. Ìbítóyè nìkan ló takú sídìí ìwé. Nígbà tó fi máa tó ẹni ogójì ọdún, ó ti di olùkọ́ ní lísè kan, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ládùúgbò náà, ohun tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ni bí a ṣe ń ronú: bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn, àti bí èèyàn ṣe lè mọ ìgbà tí kò tẹ̀lé e.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an ni. Tó bá wọ kíláàsì, yóò kọ ìlà mẹ́ta sójú pátákó. Gbogbo ohun tó ń mí ni yóò kú. Ewúrẹ́ ń mí. Nítorí náà, ewúrẹ́ yóò kú. Yóò wá yíjú sáwọn ọmọ, yóò ní, "Ẹ bá mi wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jò." Wọn ò ní rí i, nítorí kò jò. Inú rẹ̀ á dùn bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló dá ewúrẹ́. Ọláwùmí, ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ níwájú ilé, a máa sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìlà mẹ́ta yẹn ni orogún òun.

Ẹni tó kọ́kọ́ lu ìlà mẹ́ta náà níhò ni Lucien. Ọmọ Baguida ni Lucien, létí òkun lápá ìlà oòrùn ìlú, òun nìkan ṣoṣo sì ni ìyá rẹ̀, Maman Pauline, bí. Ẹja ni ìyá náà ń yan. Ẹja yíyan ló fi rán ọmọ rẹ̀ níwèé títí ọmọ náà fi dé ilẹ̀ Faransé. Lucien padà wálé lọ́dún 1988, ó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìṣirò. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Níbi ìdánwò bákì, èyí tí wọ́n fi ń jáde ní lísè, ni òun àti Ìbítóyè ti pàdé, tí wọ́n jọ ń ṣọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má jí ìwé ara wọn wò, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti di kò-rí-mi-kò-sùn fún ara wọn.

"Ìbí," Lucien bi í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ta ló sọ fún ọ pé 'gbogbo' wà láyé?"

"Báwo ni 'gbogbo' ò ṣe ní í wà?"

"Ó wà fún ewúrẹ́ àti ikú. Lẹ́yìn ìyẹn, fi hàn mí. Màmá mi kì í sọ pé òkun burú tàbí pé kò burú. Á ní ó burú díẹ̀. Á ní ó fẹ́ máa burú. Á ní ó burú ju ti àná lọ ṣùgbọ́n kò tó ti ọjọ́ sí. Àwọn apẹja á gbọ́ ọ yé, wọ́n á sì mọ̀ bóyá káwọn wa ọkọ̀ lọ. Nínú ìlà mẹ́ta tìrẹ, ibo lo máa fi màmá mi sí?"

Lucien wá ṣàlàyé fún un pé ìrònú kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń ṣe, níbi tí ọ̀rọ̀ ò ti pọn dandan kó jẹ́ òótọ́ pátápátá tàbí irọ́ pátápátá. Èèyàn lè wọn òótọ́ bí a ṣe ń wọn gààrí. Òótọ́ kan lè tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, òmíràn lè má ju mẹ́ta lọ. Àwọn Faransé ń pè é ní ìrònú inú kùrukùru, Lucien ní tòun o, ìrònú oníwọ̀n lòun máa pè é.

Ohun tí àwọn méjèèjì wá dáwọ́ lé nìyẹn: kí wọ́n mú ìlà mẹ́ta ti Ìbítóyè, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n Lucien sí i, kí wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fi ronú. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní èbúté fẹ́ da kọ̀ǹpútà àlòkù kan nù, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Lucien gbé e wá sílé Ìbítóyè nínú táksí, ó fi aṣọ ìbora wé e bí ọmọ tuntun.

Sàdíátù ló fún iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ tó fi rìn. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Yorùbá bíi ti Ìbítóyè, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú kékeré kan ní Totsi tí dókítà kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, òun nìkan ló ń wo àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe, tí yóò sọ èyí tó yẹ kó máa lọ sílé àti èyí tó yẹ kó sáré lọ sílé ìwòsàn ńlá. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ìbítóyè lẹ́yìn ìsìn ìsọmọlórúkọ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀rọ yín yẹn ò lè ràn mí lọ́wọ́? Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná gan-an tí ọrùn rẹ̀ le, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ yírùnyírùn. Ṣùgbọ́n kí la ń pè ní gan-an? Kí la ń pè ní le?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sàdíátù ń sọ ohun tó mọ̀, Lucien ń wá iye tó yẹ ẹ́, Ìbítóyè ń tò ó ní ìlà mẹ́ta mẹ́ta. Ibẹ̀ ni Ìbítóyè ti rí ohun kan tó bà á lẹ́rù díẹ̀. "Gbogbo" tó bá gun orí "gbogbo," "gbogbo" náà ni yóò máa jẹ́ títí dé òpin. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé "ọ̀pọ̀" gun orí "ọ̀pọ̀," ohun tí wàá bá lókè lè má jẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ́nà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó di mọ́kànlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Fi ẹ̀kẹta lé e, ó di mẹ́tàléláàádọ́rin. Bí ẹni ń bu omi láti inú garawa kan sínú òmíràn ni, díẹ̀ ń dà nù nígbà kọ̀ọ̀kan. Lucien ní ohun tó mú kí iṣẹ́ náà dára nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá mọ̀ pé òun ń ro ìrò gígùn, yóò mọ̀ pé ohùn òun ti ń rẹlẹ̀.

Àsìkò náà kì í ṣe àsìkò ìrọ̀rùn. Láti ìparí ọdún 1990 ni ìlú ti ń hó. Lọ́dún 1991, àwọn èèyàn pé jọ sí àpérò ńlá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ sọ nínú yàrá ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọláwùmí a dá máṣíìnì ìránṣọ dúró láti gbọ́ ọ. Wọ́n rò pé ọjọ́ ti mọ́ nìyẹn. Àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn sójà fi jáde, tí ìbọn ń dún lọ́tùn-ún lósì, tí ìdìbò tí wọ́n ṣèlérí ń fò láti oṣù dé oṣù. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1992, gbogbo òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Lísè tì, yunifásítì tì, ọjà ńlá dákẹ́ bí ọjọ́ Àìkú. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, tí wọ́n sì ti fẹ́ parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kìíní ọdún 1993, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Lucien gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù rẹ̀ kékeré, dé. Wọ́n ti pe ìpéjọ síbi ọgbà kan láàárín ìlú fún ọjọ́ kejì. Àwọn àlejò pàtàkì láti òkè òkun ti wọ̀lú láti wá parí ìjà, àwọn èèyàn sì fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé ìlú ò dùn mọ́.

"Mo fẹ́ lọ," Lucien sọ. "Ṣùgbọ́n Màmá ń bẹ̀rù. Jẹ́ ká bi ẹ̀rọ wa léèrè, kí n lè ní ohun tí màá sọ fún un."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìbítóyè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìlà àkọ́kọ́: ọ̀pọ̀ ìpéjọ tó bá wáyé lójú àlejò láti òkè òkun ni ìbọn kì í dún níbẹ̀. Wọ́n jọ ka èyí tí wọ́n rántí. Márùn-ún ni, ìbọn dún níbi ẹyọ kan. Ó fi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá sí i. Ó tẹ ìlà kejì: ìpéjọ ọ̀la yóò wáyé lójú àlejò.

"Mélòó nínú mẹ́wàá?" Lucien bi í. "Ṣé ó dá ọ lójú pé wọ́n máa wà níbẹ̀?"

"Rédíò sọ pé wọ́n ti dé. Odindi ni."

"Odindi kẹ̀?"

"Lucien, ó dá mi lójú." Ìbítóyè tẹ ọ̀kan, iye tó dúró fún odindi.

Lẹ́tà aláwọ̀ ewé jáde sójú ẹ̀rọ. Ààbò jẹ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ewu kéré.

Ọláwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, òwú ìránṣọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yọ òwú náà lẹ́nu.

"Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìdá méjì tó kù yẹn, ta ló ni ín?"

Lucien rẹ́rìn-ín. "Madame, mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó dáa tó báyìí lọ́dún yìí."

"Mi ò bá yín ṣeré o, Lucien. Mo ní ta ló ni ín?"

"Ìyá Ire," ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn, "ìṣirò lásán ni."

Ọláwùmí wò ó, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Nígbà tí Lucien ń ti mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, Ìbí? Ṣé a jọ máa lọ ni?" Ìbítóyè dáhùn pé àṣìṣe kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tóun fẹ́ tún ṣe. Òótọ́ ni, àṣìṣe náà wà. Ṣùgbọ́n ó lè dúró di ọ̀túnla.

Lọ́jọ́ Ajé, kó tó di ọ̀sán, Ìbítóyè gbọ́ ìró kan láti ọ̀nà òkun, bí ẹni ń fa páànù ya. Ó dáwọ́ dúró. Ìró náà tún dún, ó sì ń dún lọ. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Ó jáde síta, ó dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń wo ọ̀nà tí mobilẹ́ẹ̀tì máa ń gbà wá. Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọta ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Bí ọ̀kan bá ti ń kọjá, á ti máa sọ fún ara rẹ̀ pé Lucien kọ́ ló wà nínú èyí.

Sàdíátù ló wá. Wọ́n ti pe gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí láti wá ṣèrànwọ́ ní ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn dé ilé Ìbítóyè. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó kàn ká apá rẹ̀ sókè kí ibi tó dọ̀tí má bàa hàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Sọ ọ́."

"Mùsíọ̀ Lucien ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ló ti kọjá. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ nígboro."

Ọláwùmí ló ké. Ìbítóyè ò ké. Ó béèrè bóyá ẹnì kan ti lọ sí Baguida, Sàdíátù ní àwọn ará ilé ti mọ̀. Ó ní ó dáa. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún bàtà rẹ̀ dè, ó tú u, ó tún un dè.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin Lucien, kíá, láìsí orin, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá. Ìbítóyè ò lọ. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀nà ò dáa. Ọ̀nà ò dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀nà wọn burú ju tirẹ̀ lọ dé ibẹ̀. Ojú Maman Pauline ló ń sá fún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tan kọ̀ǹpútà. Ó pe ìlà mẹ́ta ti ọjọ́ Àìkú jáde. Àwọn àlejò ò dé ọgbà yẹn rárá. Ibòmíràn ni wọ́n wà láàárín ìlú, tí wọ́n ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀: lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kí lo mọ̀ ní ti gidi? O mọ̀ pé wọ́n ti wọ̀lú. O ò mọ̀ bóyá wọ́n á wá sí ọgbà. Bí ẹlòmíràn ló béèrè, wàá fi ìdajì sí i. Ó pa ọ̀kan náà rẹ́, ó fi ìdajì sí i. Ẹ̀rọ náà ronú, ó ní ààbò tí òun lè fọwọ́ sí ò ju mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Ẹ̀rọ náà ò purọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu ló jẹ. Ìbítóyè, tó fi ọdún méjìlá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jò, ló kọ odindi síbi tí kò mọ nǹkan kan, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ, tí òun náà sì fẹ́ kí ìdáhùn náà dùn. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá. Ọláwùmí gbọ́ ọ látìta, ó dá máṣíìnì dúró, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó mọ̀ pé ìbéèrè tòun ni ọkọ òun ń dáhùn.

Òpin ọ̀sẹ̀ náà burú ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìbọn dún ní àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní Lomé, àwọn kan gba ọ̀nà Gánà, àwọn kan gba ọ̀nà Benin, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ọláwùmí ní àbúrò bàbá kan ní Kùtọnu. Ó di ẹrù méjì, ó mú Iredélé, ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Ire, má ṣe ṣírò èyí. Dìde." Ó dìde.

Wọ́n rí ààyè nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan tó ń gba etí òkun lọ. Ọkọ̀ náà dúró ní Baguida láti gbé àwọn èèyàn sí i, awakọ̀ sì ní àwọn máa pẹ́ díẹ̀. Ìbítóyè rí i pé òun ò lè kọjá láìyà kí Maman Pauline. Ó sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Maman Pauline jókòó níwájú ààrò tí kò níná. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ orúnkún. Ìbítóyè dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kẹ́dùn, obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. Èdè Mina, èdè àwọn ará etí òkun náà, ló fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ó wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó ní kí n má bẹ̀rù. Ó ní òun àti ìwọ ti ṣírò rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Èsì pọ̀ lẹ́nu Ìbítóyè. Ó lè sọ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó lè sọ pé Lucien ì bá lọ láìka ohun tí ẹnikẹ́ni sọ sí, èyí sì lè jẹ́ òótọ́ dé ìwọ̀n gíga. Kò sọ ọ̀kankan nínú wọn.

"Òótọ́ ni, Maman."

"Ìwọ lo ní kó lọ?"

"Èmi ni mo ní ewu kéré. Mo kọ ohun tí mi ò mọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ ò sì lọ."

"Mi ò lọ, Maman."

Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé eérú ààrò náà díẹ̀díẹ̀. Ọláwùmí kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Maman, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ. Ààyè wà nínú ọkọ̀."

"Ta ni kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ fún?" obìnrin náà dáhùn. Ó na ìka sí Iredélé. "Ẹ máa lọ. Ọmọ yín wà nínú oòrùn."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n lò ní Kùtọnu, nínú yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ kéré. Ọláwùmí ń ránṣọ fún àwọn ará Lomé ẹlẹgbẹ́ wọn tí aṣọ wọn ya lójú ọ̀nà. Ìbítóyè ń kọ́ àwọn ọmọ aládùúgbò ní ìwé kíkà. Ó ń ránṣẹ́ sí Baguida lẹ́nu àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀: ẹ bá mi kí Maman Pauline, ẹ bá mi béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n á padà dé, wọ́n á ní àwọn jíṣẹ́. Wọ́n á ní ó gbọ́. Kò fún àwọn lésì.

Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà, àwọn náà padà. Wọ́n ti já ilẹ̀kùn ilé wọn. Máṣíìnì ìránṣọ wà níbẹ̀, ó ti dojú bolẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti lọ, gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ìbítóyè jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí tábìlì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Kò dùn ún tó bó ṣe rò. Ohun tó ń dùn ún ti gba gbogbo àyè.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Baguida. Maman Pauline ti tún ń yan ẹja, ó ti gbẹ sí i. Kò kí i, kò sì lé e. Lẹ́yìn tí Ìbítóyè ti dúró débi tí ẹsẹ̀ ń ro ó, obìnrin náà sọ̀rọ̀ láìwò ó.

"Àwọn ìwé rẹ̀ kan wà nínú àpótí. Mi ò mọ̀ ọ́n kà. Mo ti fi lára wọn di ẹja kí n tó rò pé ẹnì kan lè nílò wọn."

Márùn-ún ni ìwé náà tẹ́lẹ̀, méjì ló kù. Ìbítóyè jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó ṣí wọn. Ìṣirò ni, pẹ̀lú àwòrán ẹja kéékèèké létí ìwé. Nígbà tó dé àárín ìwé kejì, ó rí ojú ewé kan tí Lucien kọ ní oṣù kejìlá. Ó fa ìlà mẹ́ta, ó sì fi iye méjì síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Èkejì ni bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí iye kejì bá ti kéré jù, kí ẹ̀rọ náà má dáhùn, kó sọ pé òun ò mọ̀. Ìlà kan tún wà nísàlẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́: Ìbí ò fẹ́ èyí, ó ní yóò mú ẹ̀rọ lọ́ra. Màá tún bá a sọ ọ́.

Ó rántí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ nìyẹn lóòótọ́. Wọ́n jiyàn fún wákàtí kan, òun ló sì borí, nítorí òun mọ iyàn jà ju Lucien lọ.

Ọdún méjì ló fi tún ẹ̀rọ náà kọ́, lórí kọ̀ǹpútà tí lísè rẹ̀ rà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Ó fi iye kejì sí gbogbo ìlà, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ó lọ́ra lóòótọ́. Nígbà tó gbé e dé Totsi lọ́dún 1995, Sàdíátù dán an wò lára ọmọ mọ́kànlá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ti mẹ́ta, ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé òun ò mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ wo ló ń sọ pé òun ò mọ̀?" Sàdíátù bi í.

"Kí lo ṣe fún àwọn mẹ́ta náà?"

"Mo ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí Tokoin. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Méjì ti padà sílé. Ẹ̀kẹta kú."

Ìbítóyè béèrè orúkọ èyí tó kú. Sàdíátù sọ ọ́ fún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kọ gbogbo iṣẹ́ náà sínú ìwé olójú ewé ọgọ́ta, ó fi orúkọ Lucien ṣáájú tirẹ̀. Yunifásítì gba ẹ̀dà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á, kò sọ fún un.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ Baguida. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ṣùgbọ́n á la igi ìdáná, á tún òrùlé ààrò ṣe, á gbọ́n omi. Maman Pauline á fún un lóúnjẹ, wọ́n á jẹun láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń béèrè Iredélé. Kò sọ fún un rí pé òun ti dárí jì í, Ìbítóyè náà ò sì béèrè. Ọláwùmí ní bóyá obìnrin náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ìbítóyè ní òun ò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí kò lè béèrè ni ibi tí ibojì náà wà. Ẹni tí kò wá síbi ìsìnkú, ẹnu wo ló máa fi bi ìyá òkú? Ó wá ṣẹlẹ̀ pé lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 1996, lẹ́yìn oúnjẹ, Maman Pauline nu ọwọ́, ó wé gèlè, ó ní, "Tẹ̀ lé mi." Wọ́n gba àárín igi àgbọn kọjá, wọ́n kọjá ilé ọlọ́kọ̀ ojú omi, wọ́n dé ibi ìsìnkú kékeré kan tí iyanrìn bo ògiri rẹ̀ débi orúnkún.

"Ó wà níbẹ̀ yẹn," ó sọ, ó sì jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà. "Má pẹ́ jù."

Ìbítóyè dúró níwájú ibojì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu koríko. Ó ti tu ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èyí tó wà lápá òsì yẹn, má fà á tu. Èmi ni mo gbìn ín."